Apá Ibo Ni Gọ́tà Yóò Gbà ní Òpópó Alábẹ́bẹ̀?

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí a pè láti gbọ́ ohùn àwọn ará òpópó Alábẹ́bẹ̀, ará òpópó Alábẹ́bẹ̀ kan ṣoṣo ló wá síbẹ̀, òun náà kò sì bá ti ìpàdé wá. Jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn ló wá tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, nítorí àwọn tó ṣẹ̀ mí nínú rẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ pé inú ló kàn ń bí mi, pé n kò ní ẹ̀rí. Inú ń bí mi lóòótọ́. Ẹ̀rí náà sì wà. Òpópó Alábẹ́bẹ̀ wà láàárín Dopemu àti Oko Ọba. Àwọn alápatà, àwọn aránṣọ, àwọn wẹ́dà àti àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ Ìkẹjà ló ń gbé ibẹ̀. Opebi ni a ti ṣe ìpàdé wọn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà mọ̀ pé kí ènìyàn kúrò ní Dopemu lọ sí Opebi lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, iṣẹ́ òòjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni a gbà, kí ara lè tu àwọn aráàlú tí kò wá. Ọjọ́ Ẹtì ni, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará òpópó náà ń ṣe àlùwàlá láti lọ kírun Jímọ̀. Ìwé ìkéde wa, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì káńsù, níbi tí kò sẹ́ni tó ń dúró kàwé àyàfi ẹni tí àwọn agbowó-orí bá dá dúró.

Èmi ni alárinà. Iṣẹ́ mi nìyẹn lábẹ́ iléeṣẹ́ kékeré kan tí n kò ní dárúkọ, tó máa ń gba iṣẹ́ gọ́tà, ọ̀nà àti iná òpópó lọ́wọ́ ìjọba. Bí a bá fẹ́ tún àdúgbò kan ṣe, alárinà ni yóò kọ́kọ́ lọ bá àwọn ará ibẹ̀ kí kátàpílà tó fẹnu kan ilẹ̀. Yóò fi àwòrán iṣẹ́ hàn wọ́n, yóò gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn kò fẹ́, yóò sì gbé e padà fún àwọn ẹnjiníà. Mo kàwé gboyè nínú ètò ìlú kí n tó gba iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì pé aráàlú ló ni ìlú. Wọn kò kọ́ wa pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí aráàlú yóò jẹ́ ẹnì kan péré, tí òróró ẹ́ńjìnnì yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Sùlé ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Nígbà tí iná dé, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá mi, Ẹnjiníà Fọlárìn, sì rí i.

"Níbo lò ń gbé?"

"Apá Dopemu, sà. Òpópó Alábẹ́bẹ̀."

Ojú ọ̀gá mi là. "Wá fọwọ́ sí ibí yìí."

"Kí ni mò ń fọwọ́ sí, sà?"

"Pé o wá."

"Mo kúkú wá," ni Sùlé wí. Ó fọwọ́ sí i, ó sì sáré jáde kí Jímọ̀ má bàa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ wa fi jábọ̀ pé a ti jókòó pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò, a ti fikùn lukùn, wọ́n sì ti gba iṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Tọwọ́tẹsẹ̀ yẹn, ọwọ́ Sùlé àti ẹsẹ̀ tó fi sáré ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, n kò ní dá yín lágara. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, gọ́tà sì lè dára láìsí ìpàdé. Ṣùgbọ́n mo wo àwòrán iṣẹ́ náà. Òpópó Alábẹ́bẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá òkè ni àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà, tí àwọn onílé díẹ̀ ń gbé fúnra wọn. Apá ìsàlẹ̀ ni àwọn ilé ilẹ̀ tí yàrá wọn dojú kọra, tí àwọn ayálégbé kún inú wọn bámúbámú. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde kò ká ju ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Nínú àwòrán, ẹ̀gbẹ́ òkè ni gọ́tà náà wà. Mo gbé e tọ ọ̀gá mi lọ.

"Sà, omi ò lè gun òkè lọ wọ inú gọ́tà yìí."

"Bísí, mo mọ̀. Ṣé o rò pé n kò lọ sílé ìwé ni? Ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yà á sí. Àwọn ará àdúgbò ló ní apá òkè ni àwọn fẹ́."

"Àwọn ará àdúgbò wo?"

"Ẹgbẹ́ Onílé. Alága wọn ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá síbí."

Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ apá òkè kò ṣòro láti mọ̀. Gọ́tà oníkọnkéré níwájú ilé máa ń jẹ́ kí ilé níyì lójú ẹni tó fẹ́ gbà á. Omi kò lè gòkè, ṣùgbọ́n owó ilé lè gòkè. Kí n má ṣe àìdáa sí Ẹnjiníà Fọlárìn: ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó mọ̀ pé gọ́tà náà kò ní gba omi kankan. Ohun tó tún mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tí yóò bi òun.

Mo wá Sùlé lọ sí ibi tó ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Òun ló kọ́kọ́ bèèrè.

"Àǹtí, nǹkan tí mo fọwọ́ sí lọ́jọ́ yẹn, kí ló ń jẹ́ gan-an?"

"Gọ́tà òpópó yín ni."

"Ó dáa náà. Apá ibo ló máa gbà?"

Mo sọ fún un. Ó gbé sípánà sílẹ̀ jẹ́ẹ́. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá Ìyá Kàfáyà báyìí. Tó bá fi gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé èmi ni mo fọwọ́ sí i, kò ní gba ọmọ mi sílé mọ́."

Ìyá Kàfáyà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ni jẹ́lé-ó-sinmi tó wà ní apá ìsàlẹ̀ òpópó náà. Yàrá méjì ni, tó mọ́ tónítóní. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, tí bàbá wọn ń pa màlúù ní Oko Ọba, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń sun oorun ọ̀sán. Tí òjò bá rọ̀, omi láti apá òkè á gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé, á kó ọ̀rá àti ẹrẹ̀ wọ ibi tí ẹní wà, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ á sì máa gbé àwọn ọmọ sórí tábìlì. Wolé-wolé ti wá. Ó ti wo àmì ẹrẹ̀ lára ògiri, ó sì ti kìlọ̀ fún un: bí omi bá tún wọ yàrá yẹn ní àkókò òjò tó ń bọ̀, òun yóò ti ibẹ̀ pa. N kò bínú sí wolé-wolé náà. Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, òun nìkan ló wá sí àdúgbò náà kó tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Obìnrin náà gbọ́ mi dé òpin, ó gbé ọmọ kan sí èjìká.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń pe ìpàdé?"

"Èmi ni, mà."

"Àǹtí Ìpàdé. A ò mà rí yín rí." Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi láti ọjọ́ náà.

"Ṣé ẹ kì í lọ sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Onílé ni? Ibẹ̀ ni wọ́n ti yan apá òkè."

"Ayálégbé kì í wọ ìpàdé onílé, Àǹtí. Tí ìdọ̀tí bá kún títì, àwa ni ará àdúgbò. Tí ìjọba bá fẹ́ ṣe nǹkan, àwọn ni ará àdúgbò."

"Ó tó ọdún mélòó tí ẹ ti wà níbí?"

"Kàfáyà ò tíì hu eyín nígbà tí a dé. Ó ti wọ yunifásítì báyìí."

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á wo ibi tí ìwà àìdáa náà wà, nítorí kì í ṣe ibi tí àwọn ènìyàn sábà máa ń nawọ́ sí. Gbogbo wa la máa ń pariwo pé ìjọba kì í bi aráàlú. Ìjọba ti bèèrè ní tirẹ̀. Ó ní kí a lọ bi àwọn ará àdúgbò. Iléeṣẹ́ wa ló pinnu pé onílé ló ń jẹ́ ará àdúgbò. Àwọn onílé náà sì pinnu pé àwọn tó ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń jẹ́ onílé. Nígbà tí ìbéèrè yóò fi dé ìsàlẹ̀, ó ti gbẹ. Omi nìkan ni kì í gbẹ kó tó débẹ̀.

Mo ní láti lọ sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Onílé. Wọ́n ń ṣe é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú nínú àgbàlá alága wọn, Alhaji Múfútáù, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta irin ìkọ́lé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní kí wọ́n gbé àga tó ní tìmùtìmù fún mi, ó ní kí wọ́n fún mi ní omi tútù. Wọ́n fi àdúrà mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ti kìrìsìtẹ́nì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé wọn, Tíṣà Adésànyà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ilé. Ó ń pe orúkọ, ìdákẹ́jẹ́ ló ń dá a lóhùn. Inú Alhaji bàjẹ́.

"Ẹgbẹ́ kí la wá ń ṣe níbí? Onílé tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò wá. Èyí tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ò wá. Dókítà tó wà ní Kánádà ní òtútù ń mú òun. Ṣé òtútù Kánádà ló ń dí èèyàn lọ́wọ́ ìpàdé Dopemu?"

"Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ká ṣe, Alága," ni Tíṣà wí.

"Òfin ni mo fẹ́ ká ṣe. Láti òní lọ, onílé tí kò bá lè wá, kó rán aṣojú. Aṣojú náà á jókòó, á sọ̀rọ̀, á nawọ́ sókè bíi ti onílé. Ilé tí a ò bá rí ẹnì kankan níbí, kó má retí ká ṣí géètì òpópó fún ọkọ̀ ẹ̀."

Mo bèèrè pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ tó yẹ àlejò: "Alhaji, irú aṣojú wo?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ti dàgbà, tórí ẹ̀ pé, tí onílé bá ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ló rán an. A ò fẹ́ nǹkan ńlá. Ẹ bá wa wá èèyàn."

"Kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?" ni Tíṣà wí.

"Kọ ọ́ gan-an bí mo ṣe sọ ọ́."

Àwọn tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i. Nígbà tó kàn mí láti sọ̀rọ̀, mo ní òfin iṣẹ́ wa béèrè pé kí ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ fẹnu kò sórí àwòrán gọ́tà níwájú mi àti níwájú ẹnjiníà, kí a tó gbẹ́ ilẹ̀. Òótọ́ ni. Ó wà nínú òfin náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò kàn sẹ́ni tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu ni. Alhaji ní kò burú, kí a pàdé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù nínú àgbàlá ara rẹ̀?

Alárinà kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. N kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo kàn lọ kéde òfin tuntun ẹgbẹ́ fún àwọn tó ń gbé inú àwọn ilé tí òfin náà bá wí, nítorí ìkéde wà lára iṣẹ́ mi, ti Opebi kò sì dùn mọ́ mi nínú. Lọ́tẹ̀ yìí, Yorùbá ni mo fi kéde, ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni mo sì ti kéde. Ìyá Kàfáyà kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó pe onílé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ohùn bàbá náà.

"Bàbá, ẹ kú ilé o. Ìyá Kàfáyà ni, láti Èkó."

"Kí ló dé? Ṣé òrùlé ló tún ń jò?"

"Ó ń jò, bàbá, àmọ́ kì í ṣe tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe pè."

"Ọlọ́run ṣeun."

"Ẹgbẹ́ Onílé ní onílé tí ò bá wá ìpàdé, kó rán aṣojú. Tí ò bá rán, wọn ò ní ṣí géètì fún ọkọ̀ ẹ̀."

"Ọkọ̀ wo? Èmi tí mo ti ta ọkọ̀."

"Ẹ ṣáà jẹ́ kí n lọ bá yín jókòó, bàbá. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ni wọ́n fẹ́ sọ."

"Ṣé Múfútáù ṣì ni alága?"

"Òun náà ni."

"Lọ jókòó. Iwájú ni kó o jókòó sí. Ohunkóhun tó o bá sọ níbẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́. Tó bá ń janpata, kó pè mí."

"Ẹ ṣé, bàbá. Ní ti òrùlé yẹn ńkọ́..."

Fóònù ti já.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì. Sùlé fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí onílé rẹ̀, dókítà tó wà ní Kánádà, ìyẹn sì fi ohùn ránṣẹ́ padà pé kó lọ jókòó fún òun, kó gba òun lọ́wọ́ Alhaji Múfútáù tí kò jẹ́ kí òun sùn. Àwọn onílé tó jìnnà wọ̀nyí kò kórìíra ayálégbé wọn, wọn kò sì fẹ́ràn wọn. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni ìpàdé. Mo ti rí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ ìwé gbọọrọ lórí bí aráàlú ṣe lè gba agbára. N kò rí èyí tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwà ọ̀lẹ onílé lè ṣe iṣẹ́ náà.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, àga kò tó. Alhaji jáde láti inú ilé, ó rí èrò nínú àgbàlá, ó dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Alhaji," ni Sùlé dáhùn. "Onílé la jẹ́."

"Onílé ibo?"

"Ilé Dókítà. Òtútù ò mú èmi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ìyá Kàfáyà tó ti jókòó sí iwájú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. "Ìyá Kàfáyà, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Èmi ni Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, Alhaji. Ẹ kú àtijọ́."

"Akọ̀wé, ṣé irú nǹkan báyìí wà nínú òfin wa?"

Tíṣà Adésànyà wọ awò ojú rẹ̀, ó sì kà á sókè bí ẹni ń ka bíbélì fún ọmọ ilé ìwé. Aṣojú yóò jókòó, yóò sọ̀rọ̀, yóò nawọ́ sókè bíi ti onílé.

"Mọ̀lẹ́bí ni mo ní lọ́kàn," ni Alhaji wí. "Àbúrò onílé. Ọmọ onílé."

"Ohun tó wà lọ́kàn yín ò sí nínú ìwé, Alága."

Ó pe Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù. A gbọ́ ohùn bàbá náà ketekete: "Múfútáù, èmi ni mo rán an. Àbí kí n wọkọ̀ máa bọ̀ fúnra mi ni? Tí mo bá dé, ilé rẹ ni n ó ti sùn o." Alhaji ní kí bàbá má ṣe ìyọnu, kí wọ́n máa sinmi.

Ẹnjiníà Fọlárìn tẹ́ àwòrán sórí tábìlì. Alhaji sọ̀rọ̀ dáadáa, n kò ní fi tirẹ̀ dù ú. Ó ní apá òkè ni ojú àdúgbò, pé òun ni àlejò ń kọ́kọ́ rí, pé ohun tí a bá fi tọ́jú ojú, gbogbo ara ló ń jàǹfààní rẹ̀. Ìyá Kàfáyà dìde.

"Alhaji, omi kì í ṣe àlejò. Kì í wo ojú àdúgbò. Ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ tààrà, kì í sì í kanlẹ̀kùn. Wolé-wolé ti sọ pé tó bá tún wọlé, òun á tì mí pa. Ìyá àwọn ọmọ yìí wà níbi iṣẹ́, bàbá wọn wà ní Oko Ọba. Tí wọ́n bá tì mí pa, ta ni wọ́n máa kó wọn fún? Ṣé kí n máa kó wọn gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá bá yín?"

Mo wá béèrè ohun tí ó yẹ kí a ti béèrè ní Opebi, ká ní ènìyàn wà níbẹ̀: "Ẹnjiníà, apá ibo ni omi ń ṣàn sí?"

Ọ̀gá mi wo igi máńgòrò tó wà lórí wa. "Apá ìsàlẹ̀."

"Yóò ha pẹ́ kí ẹ tó lè ya àwòrán tí yóò gba ibẹ̀?"

"A ò ní í ya òmíràn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ti àkọ́kọ́ wà nínú mọ́tò."

Ẹ̀rín tí àwọn èrò bú sí, títì ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ apá ìsàlẹ̀ nawọ́, àwọn onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan pàápàá nawọ́, bóyá nítorí òótọ́, bóyá nítorí pé oúnjẹ alẹ́ ń dúró dè wọ́n. Kí a tó túká, wọ́n yan Tíṣà, Sùlé àti Ìyá Kàfáyà láti máa ṣọ́ iṣẹ́ náà.

Mo ń tẹnu mọ́ ìṣọ́ yìí fún gbogbo àdúgbò tó bá pè mí, nítorí àwọn ènìyàn máa ń rò pé tí ìpàdé bá ti tán, iṣẹ́ ti tán. Àwọn agbaṣẹ́ṣe gbẹ́ gọ́tà náà dé iwájú jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n da kọnkéré rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kọjá láìfi ìdérí bò ó, kòtò gbọọrọ níwájú ibi tí ọmọ ọwọ́ ti ń kọ́ ìrìn. Ìyá Kàfáyà kò pariwo. Ó gbé àga ọmọdé kan jáde, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré.

"Mà, ẹ dìde, ẹ ń dá wa dúró," ni olórí òṣìṣẹ́ wí.

"Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ọkọ mi. Mo kàn fẹ́ wo bí ẹ ṣe máa fò mí ni."

Wọn kò rí i fò. Sùlé ti lọ pe Tíṣà, Tíṣà mú àwòrán dání, ìdérí sì wà nínú àwòrán náà kedere. Wọ́n da kọnkéré ìdérí náà kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ládùúgbò yín, ẹ béèrè àwòrán kí ẹ tó béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa parí. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìpàdé wá sí ibi tí ẹsẹ̀ yín lè dé, ní àkókò tí ẹ kì í sí nídìí iṣẹ́ tàbí nídìí àdúrà. Kò sí èyí tó jẹ́ oore nínú wọn. Ẹ̀tọ́ yín ni, wọ́n kàn fẹ́ kí ẹ gbàgbé ni.

Ní tèmi, iléeṣẹ́ wa pè mí láti wá wí tẹnu mi. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí ni pé mo jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò pọ̀ jù níbi ìpàdé àwọn ará àdúgbò. N kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Wọ́n ní mo fi òṣèlú bọ iṣẹ́ ẹnjiníà, èmi tí mo kàn bèèrè ibi tí omi ń ṣàn sí. Wọ́n gba ipò alárinà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi mí sí yàrá kan tí mo ti ń di ìjábọ̀ pọ̀, títí kan ìjábọ̀ tó sọ pé ìpàdé Opebi ló yan apá ìsàlẹ̀. Wọ́n gbé pátákó kan sí ẹnu òpópó Alábẹ́bẹ̀ pẹ̀lú, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Onílé fún àròjinlẹ̀ wọn. Kò dárúkọ ayálégbé kankan. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìpẹ́ sí i. Àdúgbò tó bá fẹ́ alárinà ló ń pè mí báyìí, àwọn tó ń pè mí sì ń pọ̀ sí i, èyí tó fi hàn pé iléeṣẹ́ mi àtijọ́ kò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, mo mú agbòjò, mo lọ wò ó. Omi ń ti apá òkè bọ̀ pẹ̀lú gbogbo ọ̀rá rẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀, ó já sínú gọ́tà, ó sì ń gba abẹ́ ìdérí kọjá níwájú jẹ́lé-ó-sinmi. Nínú yàrá, ẹní gbẹ, àwọn ọmọ ń sùn lórí rẹ̀. Wolé-wolé ti wá láàárọ̀, ó ti wo ògiri, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Alhaji Múfútáù náà wà níbẹ̀ lábẹ́ agbòjò ńlá. Ó ń fi gọ́tà náà han ọkùnrin kan tó fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí mi, inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn.

"Àǹtí, ẹ wò ó bó ṣe ń lọ. Ẹ ò lè mọ bí mo ṣe jà tó kí gọ́tà yìí tó bọ́ sí apá ibí."

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Mo ní ọjọ́, mo ní orúkọ, mo ní ẹ̀rí. Ìyá Kàfáyà fà mí láṣọ láti ẹnu ọ̀nà.

"Alhaji ò purọ́," ni ó wí sókè, kí ọkùnrin àlejò náà lè gbọ́. "Àwọn ni wọ́n bí gọ́tà yìí. Ẹni tó bá sì bímọ, òun náà ló ń pọ̀n ọ́n. Alhaji, ọ̀la ni àdúgbò máa kó ẹrẹ̀ inú ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú wa."

Alhaji wo àlejò rẹ̀, ó wo gọ́tà. Kò sí ibi tó fẹ́ gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ bàtà òjò tuntun, ó gbé ṣọ́bìrì, ó ń kó ẹrẹ̀ níwájú jẹ́lé-ó-sinmi, òógùn bo ojú rẹ̀. Ìyá Kàfáyà dúró tì í pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn.

"Ẹ wa ìsàlẹ̀ ẹ̀ dáadáa, Alhaji," ni ó ń wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ibẹ̀ lomi ń gbà."